Èmi Ni Mo Pa Ohùn Màmá Wa Rẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ilé wa, kí n má baà máa pariwo, nítorí èémí mi ò gùn mọ́. Ọdún méje gbáko ni mo ti fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú, tí mo ń fi ẹ̀rín bò ó bí ẹni ń fi ẹní bo ihò ilẹ̀. Òní ni ẹní náà máa ká. Dókítà tó ń tọ́jú ọkàn mi wò mí lójú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Mọ́mì, bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ má sún un síwájú o." Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún kọ̀ǹpútà ṣe kò nílò kí wọ́n túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un. Láti ọdún méje yìí ni wọ́n ti ń sọ fún yín pé àìfarabalẹ̀ àbúrò mi ló jẹ́ kí ohùn Màmá Àgbà sọnù. Ẹ̀yin tí ó bí pàápàá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí: "Ẹ má fún Mọ́mì wa ní fóònù yín o, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́." Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á rẹ́. Ojú mi là, orí mi pé, kò sẹ́ni tó tì mí. Àbúrò mi ló jókòó sẹ́bàá fèrèsé yẹn, ó ti gbọ́ ọ ṣáájú yín. Ẹ má wò ó. Èmi ni kí ẹ máa wò.

Àwa mẹ́ta ni Màmá bí. Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó, kó lè yé ẹni tó kéré jù nínú yín. Bọ̀dá wa ló ṣáájú, ẹni tó ń wa tírélà, tó jẹ́ pé a lè má fojú kàn án ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọdún kan. Èmi ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí gbogbo ayé ti rò pé ó ti tán, ni àbúrò mi dé. Agbẹ̀bí ni Màmá. Ọdún méjìlélógójì ló fi gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ ìyá wọn, débi pé bó bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn géńdé onírùngbọ̀n á sáré wá gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ọwọ́ àkọ́kọ́ tó kàn wọ́n láyé. Àbúrò mi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Èmi ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé. Bí àbúrò mi bá wọlé, gbogbo ojú á mọ́lẹ̀. Bí èmi bá wọlé, wọ́n á ní, "Háà, ó dáa tó o dé, tẹlifíṣọ̀n ò ṣiṣẹ́." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Mo máa ń mú irinṣẹ́ mi jáde nínú àpò mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rín yẹn, mo ń kó o jọ sí kọ̀rọ̀ kan nínú mi, mi ò sì mọ̀ pé ó ń kan.

Èmi ni mo ṣe àpótí tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé mi. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ilé ìkàwé fẹ́ dà nù ni. Mo nù ún, mo tún un ṣe, mo fi díìsìkì ńlá sí i, mo gbé e sáàárín ìgbálẹ̀ àti bàtà òjò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bá kó sínú rẹ̀, àwọn yòókù á rí i láti orí fóònù tiwọn, ibi yòówù kí wọ́n wà. Bọ̀dá wa á dákọ̀ dúró lẹ́bàá títì, á wo àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa la ń lò ó. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹnì kan ló ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kì í ti í rántí páìpù bí omi bá ń yọ.

Ní ọdún tí Màmá pé mọ́kànlélọ́gọ́rin, àbúrò mi ronú kan nǹkan. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, á lọ jókòó ti Màmá, á gbé fóònù sórí tábìlì, á ní, "Màmá, ọmọ ta lẹ fẹ́ bí fún mi lónìí?" Màmá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìbí. Ó sọ ti aránṣọ tó rọbí nínú gáréèjì. Ó sọ ti àwọn ìbejì tí ìkejì dé lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ó dórí ti ilé wa. Ó ní ẹsẹ̀ ni Bọ̀dá wa kọ́kọ́ yọ, "bí ẹni tó ń wá ibi tí búréèkì wà." Ó sọ ìbí yín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí òun ló gbẹ̀bí púpọ̀ nínú yín. Àbúrò mi ń kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan nínú àpótí mi, ó pe fódà náà ní Ohùn Màmá. Gbogbo ìdílé ya bò ó. Bọ̀dá wa ní òun ti gbọ́ ti búréèkì nígbà ogún, òun ń gbé e fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ òun gbọ́. "Àbúrò wa yìí," ó wí fún mi lórí fóònù, "ohun tó ṣe yìí, ẹnikẹ́ni ò ṣerú ẹ̀ rí nínú ìdílé wa." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Abẹ́ àtẹ̀gùn mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbé, èmi ni mo ń nu eruku ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wí.

Ọjọ́ kan ní ilé ìkàwé, mo fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ sétí, mo ṣí ìtàn ìbí àbúrò mi. Màmá ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ó ní, "Èyí àbígbẹ̀yìn, ẹ̀rín ni mo fi bí i. Mo ti rò pé ilẹ̀kùn ti tì. Olúwa ní kí n gba èyí fi ṣe èènì." Mo gbọ́ ọ tán. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá tèmi. Mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, fáìlì méjìlélógójì, mo ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ ti ọmọ ẹni tí kò bá wa tan. Tèmi ò sí níbẹ̀. Ó bí Bọ̀dá, ó bí àbúrò, ó bí gbogbo àdúgbò, èmi nìkan ni kò bí. Ẹ̀yin ọmọ, ó yẹ kí n dìde lọ́jọ́ náà, kí n wọ bàtà, kí n lọ bá ìyá mi, kí n ní, "Màmá, tèmi dà?" Kò jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n béèrè. Mo ní bó bá rántí, á sọ ọ́. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, owú sì bá mi jókòó sórí àga kan náà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Bọ̀dá wa ṣèèṣì fi àtàǹpàkò rẹ̀ ńlá yẹn pa àwòrán ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú àpótí. Mo rí i gbà padà fún un. Àbúrò mi gbọ́, ẹ̀rù bà á, ó pè mí. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ṣe é kí ẹnikẹ́ni má lè ṣèèṣì pa ohùn Màmá rẹ́?" Mo ní kò le. Mo lọ sídìí ẹ̀rọ. Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí orúkọ gbogbo wa tò sí, mo sì lè yan àṣẹ fún orúkọ kọ̀ọ̀kan: kíkà nìkan, tàbí kíkà àti kíkọ. Ẹni tó bá ní kíkà nìkan, á ṣí fáìlì, á gbọ́ ọ títí á fi sú u, ṣùgbọ́n kò lè fi nǹkan kún fódà, kò lè yí nǹkan padà, kò sì lè pa nǹkan rẹ́. Ojú lásán ló ní, kò lọ́wọ́. Mo fún Bọ̀dá ní kíkà nìkan. Mo fún ìyàwó rẹ̀, mo fún ẹ̀yin ọmọ. Mo wá dé orí orúkọ àbúrò mi. Òun ló ni iṣẹ́ náà, òun ló yẹ kó ní kíkà àti kíkọ, bí ẹni tó dáko ṣe yẹ kó lè wọ oko. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Mo yan kíkà nìkan fún un. Mo fi kíkọ sílẹ̀ fún orúkọ kan ṣoṣo, orúkọ tèmi. Mo sọ fún ara mi pé ààbò ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ bá ń sọ fún ara yín nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bi yín léèrè.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó pè mí. "Àǹtí mi, ẹ̀rọ ní mi ò láṣẹ." Mo ní, "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣebí ìwọ lo ní kí n tì í?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo rò pé èmi..." Mo gé e lẹ́nu. Mo ní, "Bí mo bá ṣí i fún ìwọ, màá ṣí i fún gbogbo ènìyàn ni." Irọ́ gbuu! Ibì kan wà tí mo lè tẹ̀ láti ṣí i fún òun nìkan, kò sì ní gbà mí ju kí n mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Mo ní, "Máa kó wọn wá fún mi, èmi á máa bá ẹ fi wọ́n sí i." Ó ní, "Ẹ ṣé o, Àǹtí mi. Mo ti ń yọ yín lẹ́nu jù." Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, ó gbà mí gbọ́ bí ọmọ ṣe ń gba ìyá gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ó di dandan kó wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, èmi á ní kó dúró, mo ń fọ abọ́. Abọ́ méjì. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tó bá lọ tán, màá fi àwọn ohùn náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó fi wọ́n síbi tí ẹ ti lè rí i. Bọ̀dá á pè: "Àwọn tuntun dà?" Èmi á ní, "Àbúrò yín ni kò tíì mú wọn wá." Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó wá pẹ̀lú ohùn mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan. Fóònù rẹ̀ ti kún, kò lè ya àwòrán mọ́. Mo fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ, mo kó gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá sínú fódà kékeré kan tí èmi nìkan ń rí. Mo ní, "Ó ti wọlé. Pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù ẹ." Ó ní, "Ṣé ó ti dájú?" Mo ní, "Ta lẹ̀rọ yé jù nínú èmi àti ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa wọ́n rẹ́ lójú mi. Nígbà tó ń lọ, ó yíjú padà, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àwọn wọ̀nyí o. Èyí tó kẹ́yìn pàápàá." Mo ní mo gbọ́, mi ò sì wo ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó tẹ̀lé e, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ gé èékánná fún Màmá. Èmi ni mo máa ń gé e, ó ní ọwọ́ àbúrò mi máa ń gbọ̀n. Bí mo ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, ohùn náà dùn, ó yọ̀ bí ohùn ọmọdé. Orúkọ àbúrò mi ló ń pè. "Ṣé ìwọ nìyẹn, àbígbẹ̀yìn mi?" Mo ní, "Rárá o, Màmá, èmi ni." Ohùn náà sọ̀kalẹ̀. "Ẹn, ìwọ ni. Ó dáa. Ọjọ́ wo ni àbúrò ẹ ń bọ̀? Ọ̀rọ̀ wa ò tíì parí." Mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orúnkún mi, mo gé èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ń sọ nǹkan, mi ò gbọ́. Bóyá èmi gan-an ló ń sọ nǹkan fún. Mi ò gbọ́.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ilé. Oòrùn ṣì wà lára ògiri. Mi ò bọ́ bàtà. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ṣí fódà kékeré yẹn, fáìlì mọ́kànlá tò sílẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ló gùn jù. Mi ò ṣí ìkankan. Mo ní bó bá jẹ́ pé ẹnu wọn ló dùn tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo yan gbogbo wọn, mo pa wọ́n rẹ́. Wọ́n bọ́ sínú garawa ìdọ̀tí ẹ̀rọ, níbi tí mo ṣì ti lè yọ wọ́n. Mo lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú? Wọn ò ní ṣeé rí gbà padà mọ́." Ẹ̀rọ tí kò lẹ́mìí bi mí léèrè! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní díìsìkì kejì tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo, ṣùgbọ́n òpin oṣù ni mo máa ń so ó, òpin oṣù ò sì tíì dé. Mo dìde, mo lọ fọ aṣọ. Mo rántí pé aṣọ funfun ni, mo sì fọ̀ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́ kẹjọ ni rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wò wá, ó mọ̀ wá, ahọ́n ò gbéra. Nọ́ọ̀sì ní ká máa jẹ́ kó gbọ́ ohun tó mọ̀, bóyá ọpọlọ á jí. Àbúrò mi gbé fóònù jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ṣí Ohùn Màmá. Bọ̀dá wa ti dé, eruku títì ṣì wà lára rẹ̀. Mo rí i tí àtàǹpàkò àbúrò mi ń lọ sókè, tó ń bọ̀ sílẹ̀, tó tún ń lọ sókè. "Àǹtí mi, mọ́kànlá yẹn dà?" Mo ní, "Èwo ni mọ́kànlá?" Ó ní, "Èyí tí mo kó wá ní Sátidé ìjọsí. Àǹtí mi, tiyín wà níbẹ̀! Ìbí tiyín ni Màmá sọ kẹ́yìn. Ó ti ń sún un síwájú láti ìgbà yìí wá, ó ní tiyín ló le jù láti sọ. Mo fẹ́ kí ẹ bá a lójijì ni mi ò ṣe sọ fún yín."

Ilẹ̀ ò là, ẹ̀yin ọmọ. Ènìyàn máa ń rò pé ilẹ̀ á là. Mo dúró sórí sìmẹ́ńtì, bàtà nọ́ọ̀sì ń dún kọjá, Bọ̀dá wa ń wò mí, ń wo àbúrò mi. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti wólẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi, ó tutù bí omi ìkòkò: "Ìwọ lo fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ti fi wọ́n sínú fódà, ìwọ lo padà lọ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù ẹ. Mo ti ń sọ fún ẹ pé kó o má máa tẹ nǹkan tí o ò mọ̀." Ó ní, "Èmi, Àǹtí mi?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tí ọwọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. "Bóyá mo tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Mo pa àwọn ti fóònù rẹ́... bóyá ibẹ̀ ni mo ti ṣì í." Bọ̀dá wa fi ọwọ́ gbá ògiri. Ó ní, "Ìkánjú ẹ! Ìkánjú ẹ yìí ló máa ń ba nǹkan jẹ́! Ohun tó kù fún wa lẹ́nu ìyá wa lo pa rẹ́ yìí?" Àbúrò mi kúnlẹ̀ síwájú mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń bẹ̀ mí pé kí n foríjin òun, òun ti ba ìtàn ìbí mi jẹ́. Mo ní kó dìde. Mo ní ó ti ṣẹlẹ̀. Mo dárí jì í! Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo dárí jì í.

Bí mo bá ní ibẹ̀ ni mo burú dé, mo tún ń purọ́ ni. Ọdún mẹ́rin ni Màmá lò láìsọ̀rọ̀. Àbúrò mi ò gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kò kọrin fún àwọn ọmọ ilé ìwé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, bó bá fẹ́ tẹ fóònù rẹ̀ pàápàá, á kọ́kọ́ pe ọmọ rẹ̀ kó wá wò ó. Èmi ń lọ tọ́jú Màmá lójoojúmọ́. Wọ́n ń yìn mí! Ní ọ̀sán kan, mo gbé àwọn ìtàn àtijọ́ fún un gbọ́. Ó gbọ́ ti Bọ̀dá wa, ẹnu rẹ̀ ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rín nìyẹn. Ó gbọ́ ti àbúrò mi. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́, ó na ìka sí mi. Ó nà án sí mi, ó tún nà án sí fóònù. Èmi. Fóònù. Ó ń béèrè tèmi. Ó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́, ó fẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi. Mo ní, "Màmá, ó ti sọnù. Àbúrò mi ló ṣèèṣì pa á rẹ́." Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi, ẹni tí kò lè bi mí ní ìbéèrè kejì. Ìka náà dúró lófuurufú fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ̀kalẹ̀ sórí aṣọ ìbora. Ó di ojú rẹ̀. Omi yọ lábẹ́ ìpéǹpéjú tó tì. Ó kú ní oṣù kẹta sí i, ó sì gbé irọ́ mi lórí àbúrò mi dé ibojì. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé.

Ọdún méjì kọjá. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé ilé ìwé àbúrò mi, wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ máa fi iṣẹ́ wọn sínú fódà kan. Ní ọ̀sán kan, ó wá bá mi ní ilé ìkàwé, ó dúró níwájú tábìlì mi pẹ̀lú àpò lọ́rùn ọwọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Níléèwé wa, kíkà nìkan ni wọ́n fún mi nínú fódà ọ̀gá wa. Lánàá mo fẹ́ yọ ìwé kan tí mi ò fẹ́, ẹ̀rọ ní mi ò lè pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀ láé. Kíkà nìkan, ṣé bó ṣe máa ń rí níbi gbogbo nìyẹn?" Mo wo bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀rí wà nínú àṣẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn: kò sẹ́ni tó lè pa ohùn yẹn rẹ́ nínú ilé wa àyàfi ẹnì kan. Ó dúró fún mi. Ó dúró pẹ́. Ó wá ní, "Kò burú. Mo kàn béèrè ni," ó sì lọ. Oṣù mọ́kànlá kò wá sí ilé mi.

Ìgbà tí ọkàn mi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ilé ìdáná, tí àwọn aládùúgbò gbé mi dìde, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó pọn omi, ó wẹ̀ mí, ó ń fi kànrìnkàn nu ẹ̀yìn mi. Mi ò lè rí ojú rẹ̀, bóyá ìyẹn ló ràn mí lọ́wọ́. Mo ní, "Èmi ni." Kànrìnkàn ò dúró. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ìdí rẹ̀ ni mi ò mọ̀." Mo ní, "Owú ni. Mo ń jowú ẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ wálé." Ó fún kànrìnkàn náà, omi dà sínú bàsíà. Ó ní, "Àǹtí mi, mo rò pé ẹ óò sọ ohun tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń wá ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín." Ìgbà yẹn ló wá sunkún. Kò dì mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ pe Bọ̀dá. Ẹnu yín ni kó ti gbọ́ ọ." Mo pè é lójú rẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Bọ̀dá. Ó ní, "Ọdún mélòó ni mo fi ń bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá olè sọ̀rọ̀?" Ó já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó wa ọkọ̀ yẹn dé ẹnu ọ̀nà ilé àbúrò mi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ títí tó fi ṣílẹ̀kùn. Òun ló ní ẹ̀yin ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ní kí àbúrò mi sọ ohun tó bá rántí nínú ìtàn náà fún mi. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá ní òun nìkan ló wà nínú yàrá, agbẹ̀bí tí òun ránṣẹ́ pè ò tíì dé. Ẹ délẹ̀, ẹ ò ké, ara yín dúdú bí aró. Ó fẹnu bo ẹnu yín, ó ń fẹ́ èémí rẹ̀ sí yín nínú, ó ń kà á. Ìgbà ìkọkàndínlógún lẹ ké. Ó ní òun bí àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun bí ẹ̀yin lẹ́ẹ̀mọkàndínlógún." Mo di ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú. Ó ní, "Orúkọ kan wà tó ń pè yín láàárín èémí kan sí èkejì, pé kí ẹ má lọ. Kò pè é lójú ẹnikẹ́ni rí. Ó fi kọrin nínú ohùn yẹn. Láti ọdún méje ni mo ti ń wá orúkọ náà nínú orí mi, Àǹtí mi. Mi ò rí i mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí mo pa rẹ́ nìyẹn. Mo rò pé ti àbúrò mi ni mo ń bà jẹ́, orúkọ mi ni mo pa lẹ́nu ìyá mi. Bí ọkàn yín bá ń sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ràn ẹlòmíràn jù yín lọ, ẹ má gbà á gbọ́, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ lọ béèrè. Ìbéèrè máa ń dójú tini fún ìṣẹ́jú kan, owú máa ń jẹ ènìyàn títí dé egungun. Bí wọ́n bá sì fi kọ́kọ́rọ́ ohun gbogbo sí yín lọ́wọ́, ẹ rántí pé wọ́n fọkàn tán yín ni, kì í ṣe pé wọ́n fi yín jọba. Ẹ bá mi bẹ ìyá yín yìí. Àbúrò mi, mo purọ́ mọ́ ọ, mo jẹ́ kó o kúnlẹ̀ bẹ̀ mí fún ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, mo sì jẹ́ kí ìyá wa kú pẹ̀lú èrò pé ìwọ ni. Mi ò lè san án padà fún ọ. Dárí jì mí. Mi ò ní kó o dá mi lóhùn lónìí.